Bí Mo Ṣe Ya Máàpù Ogun Córdoba ti Ọdún 1010

Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fojú ara wọn rí ogun tí àwọn kọ́ńtì Barcelona àti Urgell, ìjòyè Kìrìsìtẹ́nì tó ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn, lọ jà ní Córdoba, ìlú Mùsùlùmí ní Sípéènì àtijọ́. Mo wá káàdìbọ́ọ̀dù ńlá kan. Etíkun ni mo kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn náà odò Guadalquivir, kí n tó fi Córdoba sí bèbè rẹ̀.

Àwọ̀ ló gbà mí lákòókò jù. Ẹni tó bá ya Kìrìsìtẹ́nì sọ́tọ̀, tó ya Mùsùlùmí sọ́tọ̀, irọ́ ni máàpù rẹ̀ yóò pa, nítorí oyè kálífà, olórí àwọn Mùsùlùmí ní Córdoba, ni wọ́n ń jà sí. Muhammad al-Mahdi gba oyè ní 1009. Kí ọdún náà tó parí, Sulayman, tó ń du oyè náà, àti àwọn jagunjagun Berber láti Àríwá Áfíríkà ti lé e kúrò, Sancho García, kọ́ńtì Castile, sì wà lẹ́yìn wọn. Al-Mahdi sá lọ sí Toledo. Wadih, ọ̀gágun tó dúró tì í, ló háyà Ramon Borrell ti Barcelona àti Ermengol ti Urgell, àbúrò rẹ̀. Àwọn òpìtàn Lárúbáwá kọ owó náà sílẹ̀: dínárì (owó wúrà) 100 fún kọ́ńtì lójúmọ́, 2 fún ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan, ẹran àti wáìnì lọ́tọ̀. Nítorí náà, mo fi pupa kun ti al-Mahdi, mo fi búlúù kun ti Sulayman, mo sì ya àgbélébùú kékeré síbi tí kọ́ńtì bá wà. Àgbélébùú wà nínú àwọ̀ méjèèjì.

Ó wá ku ọfà. Mo fa àkọ́kọ́ láti Córdoba lọ sí Barcelona, mo kọ 985 sí i: ọdún tí al-Mansur, tó ń darí ìjọba Córdoba nígbà náà, kó Barcelona, tó kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Ti 1010 gba òdìkejì wá sí Aqbat al-Bakr, lókè Córdoba, níbi tí àwọn kọ́ńtì ti ṣẹ́gun ní oṣù Òkúdù. Wọ́n wọ ìlú, wọ́n kó o. Ó dùn mí láti fa ọfà yẹn, torí àwọn ará ilé tí kò du oyè kankan ni ìyà náà jẹ.

Ọfà ìkẹyìn lọ sí odò Guadiaro, nítòsí Ronda. Àwọn Berber yíjú padà níbẹ̀, wọ́n sì ṣẹ́gun àwọn kọ́ńtì. Ìrìn àjò yìí ni Ermengol kú sí, àti Odo, bíṣọ́ọ̀bù Girona. Kí oṣù Agẹmọ tó parí, àwọn ará ọ̀dọ̀ al-Mahdi fúnra wọn pa á, wọ́n sì dá Hisham II, kálífà tí al-Mahdi gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, padà sórí oyè.