Bí A Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Hun Ìbọ̀sẹ̀ Kúkurú Tó Mọ Ní Ọrùn Ẹsẹ̀

Ẹsẹ̀ ẹni tó máa wọ̀ ọ́ gan-an ni a fi ń wọn ìbọ̀sẹ̀ tí a fi ọwọ́ hun, ìdí nìyẹn tó fi máa ń bá ẹsẹ̀ mu ju èyí tí a kàn rà lọ. Ìbọ̀sẹ̀ kúkurú ni mo máa ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Kò ní ojúgun gígùn tí yóò máa jẹ òwú, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ibi tó le nínú ìbọ̀sẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ibi tó le jù ni gìgísẹ̀, òun náà ni mo sì fẹ́ ká fara balẹ̀ lé lórí jù.

Mo gbà pé ẹ ti mọ ojú méjèèjì hun: ojú dídán, tí àwọn ahunṣọ ń pè ní níìtì, àti ojú kókó, tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá ti mọ méjì yìí, ìyókù kò kọjá kíkà àti sùúrù.

Òwú àti abẹ́rẹ́

Òwú tín-ín-rín tí wọ́n ṣe fún ìbọ̀sẹ̀ ni kí ẹ wá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ irun àgùntàn ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù ìdá 25 kún. Irun àgùntàn ló ń nà tó sì ń sún padà, náílọ́ọ̀nù ni kì í jẹ́ kí gìgísẹ̀ tètè já. Òwú oko lásán tutù lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í sún padà. Ìbọ̀sẹ̀ tí a bá fi hun máa ń fẹ̀ títí yóò fi máa yọ̀ wọ inú bàtà. Bí òwú oko lẹ bá fẹ́, ẹ wá èyí tí wọ́n ti pa rọ́bà tín-ín-rín mọ́. Bọ́ọ̀lù òwú 100 gíráàmù kan, tó máa ń gùn tó nǹkan bí 400 mítà, tó ìbọ̀sẹ̀ kúkurú méjèèjì, yóò sì ṣẹ́ kù.

Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ ẹlẹ́nu méjì, márùn-ún nínú ìdì kan, tó nípọn ní mìlímítà 2.5, ni a óò lò. Ẹ tún wá téèpù ìwọnṣọ, sáàsì, abẹ́rẹ́ ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ kò mú, àti ìwé pélébé kan tí ẹ óò máa kọ iye ìpo sí, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ bá hun yí ìbọ̀sẹ̀ ká. Ẹ má fojú kéré ìwé yẹn, nítorí ìbọ̀sẹ̀ kejì.

Wíwọn ẹsẹ̀

Ẹ fi téèpù yí ẹsẹ̀ ká níbi tó ti fẹ̀ jù, lẹ́yìn àwọn ọmọ ìka. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn gìgísẹ̀ dé orí ìka tó gùn jù. Ìbọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí ẹsẹ̀ díẹ̀. Tí ó bá ṣe déédéé pẹ̀lú ẹsẹ̀, yóò máa ká jọ sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, yóò sì máa dunni. Nítorí náà ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú ìwọ̀n àyíká ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tí àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 yóò gba ìbọ̀sẹ̀ tí àyíká rẹ̀ tó 20.

Ẹ wá hun aṣọ kékeré kan fún àyẹ̀wò, kí ẹ ka iye ojú tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10 rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 32, a jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 20 yóò gba ojú 64, iye yìí la óò sì lò láti ìsinsìnyí lọ. Bí tiyín bá ju 32 lọ, ẹ mú abẹ́rẹ́ tó nípọn díẹ̀ sí i. Bí kò bá tó, ẹ mú èyí tó tín-ín-rín. Ẹlòmíràn á ní òun kò ráyè àyẹ̀wò. Ọwọ́ kan máa ń fún òwú, ọwọ́ mìíràn a máa dẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ kan náà sì lè mú ìbọ̀sẹ̀ tó tóbi ju ara wọn lọ jáde lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Ẹ ráyè ṣe é.

Ẹnu ìbọ̀sẹ̀

Ẹ kó ojú 64 sórí abẹ́rẹ́, kí ó dẹ̀ dáadáa, torí ẹnu yìí ni yóò gba gìgísẹ̀ kọjá nígbàkúùgbà tí a bá ń wọ̀ ọ́. Àwọn kan máa ń di abẹ́rẹ́ méjì pọ̀ kó ojú sí, kí wọ́n tó yọ ọ̀kan kúrò; ọgbọ́n tó dára ni. Ẹ pín ojú náà sórí abẹ́rẹ́ mẹ́rin, ojú 16 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí abẹ́rẹ́ karùn-ún di èyí tí ẹ óò fi máa hun. Kí ẹ tó so ìpo náà pọ̀, ẹ wò ó kó má lọ́ níbì kankan. Bí ó bá lọ́ tí ẹ sì ti hun ún pọ̀, kò sí àtúnṣe mìíràn ju kí ẹ tú u.

Ẹ hun ojú dídán 2, ojú kókó 2, bẹ́ẹ̀ yí po, fún ìpo 12. Èyí ni yóò máa di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ hun ìpo 6 ní ojú dídán nìkan. Níbi tí abẹ́rẹ́ kan ti pàdé èkejì, òwú máa ń fẹ́ dẹ̀, tí yóò sì fa àlàfo sílẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ fa òwú mọ́ra nígbà tí ẹ bá hun ojú kejì lórí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, àlàfo náà kò ní yọjú.

Gìgísẹ̀

Ẹ kó ojú 32 àkọ́kọ́ sórí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Ojú 32 tó kù jẹ́ ti òkè ẹsẹ̀. Kí wọ́n dúró lórí abẹ́rẹ́ wọn, ẹ kò ní fọwọ́ kàn wọ́n báyìí. Lórí ojú 32 àkọ́kọ́ yìí, ẹ óò máa hun ní àlọ àti àbọ̀, kì í ṣe ní ìpo mọ́. Ní apá iwájú, ìyẹn ojú aṣọ tí yóò wà níta: ẹ gbé ojú kan kọjá láìhun ún, ẹ hun ìkejì ní dídán, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Ní apá ẹ̀yìn, ìyẹn ojú tí yóò wà nínú: ẹ gbé ojú àkọ́kọ́ kọjá, ẹ hun gbogbo ìyókù ní kókó. Ìlà 32 lẹ óò hun. Àwọn ojú tí ẹ ń gbé kọjá yẹn ló ń mú kí ibẹ̀ nípọn, nítorí ibẹ̀ ni bàtà ti ń ha ìbọ̀sẹ̀. Ní etí méjèèjì, ẹ óò rí ojú ńlá 16 tó to lé ara wọn; ẹ óò nílò wọn láìpẹ́.

Ó kù kí a ká aṣọ pẹlẹbẹ yìí kó lè gba gìgísẹ̀. Ìlà kìíní, ní apá iwájú: ẹ hun ojú 17, ẹ dín ojú méjì kù sí ọ̀kan kó dorí kọ òsì, ẹ hun ojú 1, ẹ yí iṣẹ́ padà bí ojú 12 tilẹ̀ ṣì kù. Dídín tó dorí kọ òsì báyìí ni: ẹ gbé ojú méjì kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni fẹ́ hun wọ́n ní dídán, ẹ ti abẹ́rẹ́ òsì bọ iwájú wọn, kí ẹ hun wọ́n pọ̀. Ìlà kejì, ní apá ẹ̀yìn: ẹ gbé ojú 1 kọjá, ẹ hun 3 ní kókó, ẹ hun ojú méjì pọ̀ ní kókó, ẹ hun 1 sí i ní kókó, ẹ yí i padà.

Láti ibẹ̀, ẹ óò rí àlàfo kékeré kan níbi tí ẹ ti yí padà. Nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ojú àkọ́kọ́ kọjá, ẹ hun títí yóò fi ku ojú kan kí ẹ tó dé àlàfo náà, ẹ hun ojú tó wà ṣáájú àlàfo pọ̀ mọ́ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ hun ojú 1, ẹ yí padà. Ìlà 14 ni gbogbo rẹ̀, ojú 18 ni yóò sì kù. Ẹ wò ó báyìí: aṣọ náà ti tẹ̀ bí àwo kékeré. Ìgbà tí ẹni tó ń kọ́ bá rí i lọ́wọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni ìbọ̀sẹ̀ máa ń wọ ọkàn rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀

Ẹ hun ojú 18 náà ní dídán. Ẹ ṣa ojú 16 ní etí kan gìgísẹ̀, ọ̀kan láti inú ojú ńlá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún ṣa 1 sí i ní igun tó ti kan òkè ẹsẹ̀. Ẹ hun ojú 32 ti òkè ẹsẹ̀. Ẹ ṣa 1 ní igun kejì, àti 16 ní etí kejì, kí ẹ wá hun ojú 9 sí i kí ẹ lè dé àárín gìgísẹ̀. Ibẹ̀ ni ìpo yóò ti máa bẹ̀rẹ̀. Ojú 84 ló yẹ kó wà lọ́wọ́ yín. Ojú tí a ṣà ní igun ni kò ní jẹ́ kí ihò wà níbẹ̀, pàápàá tí ẹ bá lọ́ ọ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá hun ún.

Ẹ wá máa dín in kù: ẹ hun títí yóò fi ku ojú 3 kí ẹ dé òkè ẹsẹ̀, ẹ hun méjì pọ̀ ní dídán, ẹ hun 1, ẹ hun 32 ti òkè ẹsẹ̀, ẹ hun 1, ẹ dín méjì kù kó dorí kọ òsì, ẹ hun ìyókù. Ìpo tó tẹ̀ lé e, ẹ hun ún lásán láìdín nǹkan kan. Tí ẹ bá ti ṣe méjèèjì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹ ti padà sí ojú 64.

Àtẹ́lẹsẹ̀ dé ọmọ ìka

Ẹ máa hun ní dídán yí po. Gígùn ìbọ̀sẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 1 kéré sí ti ẹsẹ̀, ibi ọmọ ìka yóò sì gba 5 nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24, ẹ hun ún dé 18 láti ẹ̀yìn gìgísẹ̀ kí ẹ tó dúró.

Ibi ọmọ ìka: ojú 32 wà fún òkè, 32 fún ìsàlẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níbi tí òkè àti ìsàlẹ̀ ti pàdé, ẹ dín in bí a ti ń dín in tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, ojú 4 nínú ìpo kan. Ẹ máa hun ìpo kan lásán láàárín wọn títí ojú 32 yóò fi kù, lẹ́yìn náà ẹ dín in nínú gbogbo ìpo títí yóò fi ku 16. Ẹ kó 8 ti òkè sórí abẹ́rẹ́ kan, kí ó wà níwájú, 8 ti ìsàlẹ̀ sórí èkejì, kí ó wà lẹ́yìn.

Ẹ gé òwú, kí ó ṣẹ́ kù tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ fi í sínú abẹ́rẹ́ ńlá láti fi so ojú orí abẹ́rẹ́ méjèèjì pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ tì í bọ ojú àkọ́kọ́ iwájú bí ẹni fẹ́ hun ojú kókó, àti ojú àkọ́kọ́ ẹ̀yìn bí ẹni fẹ́ hun ojú dídán, ẹ má yọ èyíkéyìí. Lẹ́yìn náà, iwájú: bí dídán, ẹ yọ ojú náà, ojú tó tẹ̀ lé e bí kókó, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀yìn: bí kókó, ẹ yọ ọ́, ojú tó tẹ̀ lé e bí dídán, ẹ fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Tí ẹ bá ṣe é dáadáa, kò ní sí ojú ìrán kankan tí ọmọ ìka yóò máa gbá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ kejì lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá parí ti àkọ́kọ́, kí ọwọ́ yín má tíì yí padà. Iye ìpo tó wà nínú ìwé yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ojú lásán. Tí méjèèjì bá parí, ẹ ti òwú tó yọ bọ inú, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ wọ́n. Ẹ má fún wọn. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé wọn kí ẹ tẹ omi jáde, kí ẹ sì tẹ́ wọn sílẹ̀ sá níbi tí oòrùn kò ti ní pa wọ́n.