D750 àbí D500: ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ yà fún mi

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi àti àwọn ayafọ́tò ẹgbẹ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń bi mí jù ni pé, nínú Nikon D750 àti Nikon D500, èwo ló dára jù? Méjèèjì ló wà lọ́wọ́ mi, méjèèjì ni mo sì fi ń jẹun. Ìdáhùn mi kì í yí padà: ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ yà fún mi. Ṣé ìmọ́lẹ̀ ni kì í tó níbi iṣẹ́ yín, àbí ohun tí ẹ ń yà ni kì í dúró? Bó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni, ẹ mú D750. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ń yà ń sáré ni, ẹ mú D500. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, àti bí ẹ ṣe lè fi ojú ara yín rí i kí ẹ tó náwó.

Wọn kì í ṣe kámẹ́rà àná. Ọdún 2014 ni Nikon gbé D750 jáde, D500 tẹ̀ lé e ní 2016. Mirrorless (kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú) ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá tẹ̀ lé báyìí, ìyẹn ló jẹ́ kí tòkunbọ̀ àwọn méjèèjì wọ́pọ̀, tí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fríídọ̀mù fi lè tó wọn. Irú lẹ́ńsì kan náà ló ń wọ̀ wọ́n, bátìrì EN-EL15 kan náà ni wọ́n ń lò, ìwúwo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: gíráàmù 840 ni D750 pẹ̀lú bátìrì àti káàdì, 860 ni D500. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwúwo tàbí bátìrì polówó ọ̀kan fún yín.

Inú wọn ni ìyàtọ̀ wà. Sensor D750, ìyẹn ojú inú rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀, jẹ́ full frame, bíi mìlímítà 36 ní gígùn àti 24 ní ìbú. Ti D500 jẹ́ DX, bíi 23.5 sí 15.7. Bí a bá gbé wọn lé ara wọn, ti D500 kò tó ìdajì ti D750. Sensor tó fẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Èyí tó kéré ń gé etí àwòrán dànù, ohun tó jìnnà á wá kún inú fọ́tò bí ẹni pé lẹ́ńsì yín gùn ní ìlọ́po 1.5. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ yòókù ti ṣẹ̀.

Òwàǹbẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wọ họ́ọ̀lù. Alẹ́ ti lẹ́, MC ti pe tọkọtaya wọlé, àwọn oníná ti da iná elésè-àlùkò bo gbogbo ilé. Kí ijó wọn má bàa rí bàìbàì nínú fọ́tò, shutter, ìyẹn ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà, ò gbọ́dọ̀ ṣí pẹ́ ju 1/160 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Lẹ́ńsì yín ti ṣí dé f/2.8, kò lè ṣí jù bẹ́ẹ̀. ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ tó gbà) nìkan ló kù tí ẹ lè gbé sókè, ó sì máa ń tó 6400 kí ojú ìyàwó tó hàn dáadáa. Ibẹ̀ ni D750 ti ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n.

Ẹ wo ibi tí òjìji gèlè ti bo iwájú orí. Ẹ wo inú ìṣẹ́po aṣọ òkè tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Nínú fọ́tò D500 ní ISO 6400, àmì wínníwínní tí à ń pè ní noise á ti bo àwọn ibi wọ̀nyẹn, àwọ̀ aṣọ á sì ti máa ṣá. Nínú ti D750, ẹ ṣì lè ka ojú òwú. Ohun tí D500 ń ṣe ní 3200 ni D750 ń ṣe ní 6400.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa kámẹ́rà ṣe máa ń sọ ọ́ lọ, torí awọ ara tiwa ló ń kọ́kọ́ jìyà noise. Kámẹ́rà ò mọ ènìyàn. Ohun tó ń wá ni kí gbogbo àwòrán má mọ́ jù, kó má sì ṣókùnkùn jù. Bí ọkọ ìyàwó bá wọ agbádá funfun báláú, tí agbádá náà sì gba ìdajì fọ́tò, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ọkọ ìyàwó á wá ṣókùnkùn. Bí ẹ bá gbé e sókè lórí kọ̀ǹpútà, noise tó sá pamọ́ á jáde sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí, kámẹ́rà yòówù tó bá wà lọ́wọ́ mi: mo tẹ bọ́tìnnì +/-, mo gbé e sí +0.7 tàbí +1, mo rí i pé ojú mọ́, lẹ́yìn náà mo wo àmì highlight (ibi tó ti mọ́ jù) tó ń ṣẹ́jú lórí agbádá. Bó bá jẹ́ etí apá aṣọ ló ń ṣẹ́jú, mo fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ni, mo dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí òwú iṣẹ́ náà fi hàn, torí ẹni tó san owó iṣẹ́ yẹn fẹ́ rí i nínú fọ́tò rẹ̀.

D750 tún ní fíláàṣì kékeré lórí tirẹ̀, D500 ò ní rárá. Èmi kì í fi fíláàṣì kékeré yẹn tan ìmọ́lẹ̀ sí ènìyàn lójú. Mo máa ń fi pàṣẹ fún Speedlight (fíláàṣì ńlá Nikon) tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀lù ni, pàápàá níbi tí àjà ti ga tàbí tí wọ́n fi aṣọ dúdú bò ó, tí kò sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa kọlù kó tó ta padà. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún ẹni tí kò tíì lówó tó máa fi ra trigger (ẹ̀rọ tó ń pàṣẹ fún fíláàṣì).

Ẹ má gbàgbé fọ́tò ẹbí. Lẹ́ńsì 24-70 mm lórí D750 á kó ìdílé ìyàwó látòkèdélẹ̀ lórí pèpéle. Lórí D500, 24 á ríran bíi 36. Ẹ̀yin á máa fà sẹ́yìn títí ẹ ó fi kan tábìlì kéèkì. Ẹ máa nílò lẹ́ńsì DX tó fẹ̀, bíi 16-80, owó mìíràn sì nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni D750 ní àléébù tirẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí kan náà. Ojú àmì focus (ibi tí kámẹ́rà ti lè mú kí àwòrán hàn ketekete) 51 ló ní, àárín àwòrán ni gbogbo wọn sì kóra jọ sí. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà dúró lóòró láti ya ìyàwó láti gèlè dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ lè bọ́ síta ibi tí àmì wà. Ẹ ó di focus mú, ẹ ó wá yí kámẹ́rà. Pẹ̀lú 85 mm ní f/1.8, yíyí díẹ̀ yẹn tó láti gbé focus kúrò lórí ẹyinjú lọ sórí etí. Mo máa ń ti ojú lẹ́ńsì dé f/2.8 nígbà yẹn. D500 ò ní ìṣòro yìí: àmì 153 rẹ̀ tàn láti etí ọ̀tún dé etí òsì, ọ̀pá kékeré (joystick) sì wà lábẹ́ àtàǹpàkò tí ẹ ó fi máa sún un kiri láìgbójú kúrò níbi tí ẹ ń wò.

Ojúde Ọba, bọ́ọ̀lù, àti ẹyẹ

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba níwájú ààfin Awùjalẹ̀. Lọ́dún 2024, fọ́tò àwọn ẹlẹ́ṣin wa gba íntánẹ́ẹ̀tì kan, láti ìgbà náà sì ni àwọn ayafọ́tò ti ń ti ìlú òkèèrè wá. Fún fọ́tò àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jọ́-orí kan náà) tó ń jó bọ̀ pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́, kámẹ́rà yòówù ló tó. Ìdílé àwọn Balógun lórí ẹṣin ló ń fi ìyàtọ̀ kámẹ́rà méjèèjì hàn.

Ẹṣin ń bọ̀ ní eré, ìbọn ń dún, ẹlẹ́ṣin ń dìde lórí gàárì láti kí Ọba. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ni gbogbo rẹ̀. D500 ń ya fọ́tò 10 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, D750 ń ya 6.5. Ẹ lè rò pé ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ wo buffer, ibi tí kámẹ́rà ń kó fọ́tò sí kó tó kọ ọ́ sínú káàdì. Bí mo bá ń ya RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe) tó kún rẹ́rẹ́, D750 á gba bíi 15, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá méjì àti díẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. D500 pẹ̀lú káàdì XQD á gba 200 kó tó dúró mí. Nínú àwọn fọ́tò yẹn ni èyí tí ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin méjèèjì ti wà lókè, tí ọwọ́ ẹlẹ́ṣin nà, tí ìrùkẹ̀rẹ̀ kò sì bo ojú rẹ̀. Irú rẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ń wá.

Bí mo ṣe ń to D500 nìyí: AF-C (focus tó ń tẹ̀ lé ohun tó ń sáré), dynamic 25 (àmì 25 tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀), 1/1250, f/4, auto ISO (kámẹ́rà ló ń yan ISO), AF-ON (bọ́tìnnì tó ń mú focus) lábẹ́ àtàǹpàkò. D750 ò ní bọ́tìnnì AF-ON tirẹ̀; ẹ ó wọ inú menu lọ yí AE-L/AF-L padà sí i. Lẹ́ńsì 70-200 lórí D500 á máa ríran bíi 105-300, mo sì lè dúró síbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi wá sí láìfi ara wewu lábẹ́ pátákò.

Oòrùn ọ̀sán ọjọ́ yẹn tún ní ohun tó ń sọ. D750 ò lè yára ju 1/4000 lọ, D500 ń dé 1/8000. Bí ẹ bá fẹ́ ya ojú arẹwà kan ní f/1.8 nínú oòrùn gangan ní ISO 100, 1/8000 gan-an ni iye tó máa bá a mu. D750 á mọ́ jù, àfi tí ẹ bá dín ISO kù tàbí tí ẹ fi fílítà ND (dígí dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù) sí i.

Nínú ilé ìdárayá, iná mọ̀nàmọ́ná wa tó jẹ́ 50 Hz ń mú kí gílóòbù kan máa mọ́, kó máa ṣú, ìgbà 100 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú wa ò rí i, kámẹ́rà ń rí i: bí ẹ bá yà á ní 1/500, fọ́tò kan á mọ́, èyí tó tẹ̀ lé e á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. D500 ní flicker reduction tó máa ń dúró de ìgbà tí iná mọ́ jù kó tó ṣí. D750 ò ní in fún fọ́tò, fídíò nìkan ló ní in fún.

Ẹyẹ wá ńkọ́? Nínú igbó IITA (ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn) ní Ìbàdàn, ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ibadan malimbe, ọmọ ìyá ẹ̀gà, pupa òun dúdú, tí àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ ń torí rẹ̀ wá láti òkè òkun. Igbó ṣókùnkùn, ẹyẹ sì ń fò: ìyọnu méjèèjì pàdé. D500 náà ni mo máa mú, torí pé ẹyẹ kékeré ò ní kún fọ́tò D750. Bí ẹ bá gé fọ́tò D750 kó bá ti D500 dọ́gba, nínú pixel (ojú kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) mílíọ̀nù 24.3 rẹ̀, bíi mílíọ̀nù 10 ló máa kù. D500 ń gbé mílíọ̀nù 20.9 rẹ̀ lé orí ẹyẹ náà. Lẹ́ńsì 200-500 f/5.6 á máa ríran bíi 750 lórí rẹ̀. Kílógíráàmù méjì lé díẹ̀ ni lẹ́ńsì yẹn, nítorí náà ẹ mú ẹsẹ̀ tripod dání.

Bí ẹ ṣe máa dán wọn wò fúnra yín

Ẹ yá kámẹ́rà kejì lọ́wọ́ ẹni tó ní in. Lẹ́ńsì kan péré ni kí ẹ lò, 50 mm f/1.8 ti tó. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ tan gílóòbù kan, kí ẹnì kan tó dúdú dáadáa wọ aṣọ funfun jókòó. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí tripod, kí ẹ lo manual àti RAW, kí ẹ yà á ní ISO 1600, 3200, 6400, 12800. Fún D500, ẹ fà sẹ́yìn títí orí rẹ̀ á fi tóbi bákan náà nínú àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá wà ní mítà méjì fún D750, ẹ lọ sí mẹ́ta. Ẹ má wò ó lójú kámẹ́rà. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ mú kí fọ́tò méjèèjì tóbi bákan náà, kí ẹ wá wo abẹ́ àgbọ̀n àti inú irun.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ ní kí ọmọdé kan gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ yín ní ibi tí ọkọ̀ kò ti ń kọjá. AF-C, 1/1000, ẹ di bọ́tìnnì mú títí ó fi dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ka iye fọ́tò tí ojú ọmọ náà ti hàn ketekete. Bí ọjọ́ iṣẹ́ yín bá jọ ìdánwò àkọ́kọ́, ẹ ti mọ èyí tó kàn yín. Bó bá jọ èkejì, ẹ ti mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Fún ẹni tí òde ìyàwó, ìsìnkú àti ọjọ́ ìbí ń bọ́, tí owó kámẹ́rà kan ṣoṣo ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, D750 ni mo máa sọ pé kó rà, pẹ̀lú 85 mm f/1.8G.

Ọ̀rọ̀ káàdì kù. D750 ń gba SD méjì, mo sì máa ń ní kó kọ fọ́tò kan náà sínú àwọn méjèèjì, torí kò sí ẹni tó máa tún ìgbéyàwó ṣe nítorí káàdì tó bàjẹ́. D500 ń gba XQD kan àti SD kan. Owó XQD wọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé firmware (ètò inú rẹ̀) sókè, ó ń gba káàdì CFexpress Type B. Bí ẹ bá ní kó kọ sínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, SD á fa eré rẹ̀ sẹ́yìn.

Fún tòkunbọ̀, ẹ béèrè iye ìgbà tí shutter rẹ̀ ti ṣí. 150,000 ni wọ́n dán ti D750 wò dé, 200,000 ni ti D500. Lọ́dún 2015, Nikon kéde pé shutter àwọn D750 kan lè máa fi òjìji sí apá kan fọ́tò, nítorí náà ẹ yẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ wò lórí ojú ewé Nikon. Ẹ fà ojú ìwòran ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ sókè sódò, kí ẹ wò ó bóyá ó ń kú, ó ń jí. Ẹ yọ lẹ́ńsì, kí ẹ wo ibi tí irin ti ń dè é mọ́ra. Ẹ fi káàdì tiyín ya ojú ọ̀run ní f/16, kí ẹ wo ìdọ̀tí tó wà lórí sensor, lẹ́yìn náà kí ẹ ya ogún fọ́tò léraléra ní 1/4000, kí ẹ sì wo etí òkè àti ìsàlẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, bóyá òkùnkùn wà níbẹ̀.