Bí òǹkọ̀wé ìwé ọmọdé ṣe lè múra sílẹ̀ fún àjọ̀dún ìwé

Ẹni tó ń kọ̀wé fún àgbà, ẹnì kan náà ló ń bá ṣe: òun ló ń yan ìwé, òun ló ń sanwó, òun náà ló ń kà á. Ti ìwé ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ló ń kà á, òbí ló ń sanwó rẹ̀, olùkọ́ ló sì lè sọ pé kí odidi kíláàsì kan rà á. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń pàdé níbi àjọ̀dún ìwé, ohun tí kálukú ń wá sì yàtọ̀. Òǹkọ̀wé tó bá múra de ẹyọ ẹnì kan nínú wọn lè kàwé dáadáa, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, kó sì tún ru páálí ìwé rẹ̀ padà sílé. Ìlànà yìí wà fún ẹni tó ti ní ìwé kan lọ́wọ́, tó fẹ́ gbé e lọ sí irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ibi tí ẹ ń lọ

Ìpàtẹ ìwé yàtọ̀ sí àjọ̀dún ìwé. Ọjà ni ìpàtẹ. Àwọn atẹ̀wé, àwọn atàwé àti àwọn aṣojú ilé-ìwé ló ń pé síbẹ̀. Nigeria International Book Fair, tó sábà máa ń wáyé ní Èkó nínú oṣù Karùn-ún, wà lára irú èyí. Ẹ fi oṣù yẹn sọ́kàn. Sáà kẹta ló ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló sì ń to orúkọ àwọn ìwé tí àwọn òbí máa rà fún ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án. Olùkọ́ tó bá rí ìwé yín nínú oṣù Karùn-ún ṣì lè fi orúkọ rẹ̀ kún un. Èyí tó bá rí i nínú oṣù Kọkànlá, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ sísọ, ìwé kíkà, eré àti orin ló pọ̀ níbi àjọ̀dún. Lagos Book and Art Festival, tí ẹgbẹ́ CORA (Committee for Relevant Art) bẹ̀rẹ̀ ní 1999, máa ń wáyé nínú oṣù Kọkànlá ní Freedom Park, níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n wà láyé ìjọba amúnisìn. Ó ní apá tiẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Aké Arts and Book Festival bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 2013, ó sì ṣí wá sí Èkó ní 2018. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àpéjọ ọdọọdún ti Association of Nigerian Authors, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, dára fún un.

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló ń lálàá Bologna ní Ítálì, níbi tí ìpàtẹ ìwé ọmọdé ti ń wáyé láti 1964. Ọjà àwọn oníṣòwò ìwé ni ibẹ̀: ẹ̀tọ́ láti tẹ ìwé ní èdè mìíràn ni wọ́n ń rà tí wọ́n sì ń tà. Ayàwòrán tó ní àkójọ iṣẹ́ lọ́wọ́ lè rí nǹkan ṣe níbẹ̀ ju òǹkọ̀wé tó fẹ́ kàwé fún ọmọdé lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn odi lẹ fẹ́ kọjú sí, ẹ ronú nípa Ọjọ́ Ìwé (World Book Day) ní Bìrìtéènì, Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta, tí àwọn ilé-ìwé máa ń pe òǹkọ̀wé. Àwọn òbí Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún ń wá ìwé tó ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì lójú-ìwé kan náà, tí àmì ohùn rẹ̀ sì pé.

Lẹ́tà sí àwọn olùṣètò

Ẹ kọ̀wé sí wọn ní oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú. Ojú-ìwé kan ti tó. Ẹ fi àwòrán èèpo ìwé sí i, gbólóhùn mẹ́ta nípa ìtàn náà, ISBN (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀), ọjọ́ orí ọmọ tí ìwé wà fún (ẹ má kọ “gbogbo ọmọdé”, ẹ kọ “ọdún 5 sí 8”), àti ohun tí ẹ máa ṣe láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. National Library of Nigeria ló ń fúnni ní ISBN. Tí ìwé yín kò bá tíì ní in, ẹ ṣe é kí ẹ tó kọ lẹ́tà rárá, torí ọ̀pọ̀ atàwé ni kì í gba ìwé tí kò ní nọ́ńbà.

Ohun tí ẹ máa ṣe fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn ni olùṣètò máa ń wò jù. Ó ń wá ẹni tó lè mú ọgọ́ta ọmọ jókòó. Òǹkọ̀wé tó kọ “màá ka ìwé mi” kò tíì sọ nǹkan kan. Èyí tó kọ “màá kọ́ wọn lórin inú ìtàn, màá ka ojú-ìwé mẹ́wàá, a ó sì jọ fi páálí ṣe ìbòjú Ìjàpá” ti jẹ́ kí wọ́n rí i bíi pé ó ti dé.

Nígbà tí wọ́n bá gbà, ẹ béèrè ìbéèrè kí ẹ tó dúpẹ́ tán. Ta ló ń san owó ọkọ̀ àti ilé ìtura? Ta ló ń ta ìwé? Ọmọ mélòó ló ń bọ̀, ọmọ ọdún mélòó sì ni wọ́n? Ṣé inú yàrá ni, àbí abẹ́ kánópì? Ṣé òbí ló ń mú wọn wá, àbí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé?

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló ń pinnu bóyá ìwé máa tà. Ọmọ tó bá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé wá kò ní owó lọ́wọ́. Ó lè fẹ́ràn ìwé náà títí kó máa sunkún, kò lè rà á. Ẹ ní kí olùṣètò so yín pọ̀ mọ́ àwọn ilé-ìwé tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí àwọn òbí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: àwòrán èèpo ìwé, iye owó, nọ́ńbà àkáǹtì, àyè fún orúkọ ọmọ àti kíláàsì rẹ̀. Olùkọ́ á gbà wọ́n jọ. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, ẹ ti di ìwé kọ̀ọ̀kan sínú nylon pẹ̀lú orúkọ ọmọ lára rẹ̀. Tí àkókò kò bá sí fún èyí, ẹ fún àwọn ọmọ ní ìwé pélébé náà mú lọ sílé, kí ẹ sì fún olùkọ́ ní ẹ̀dà kan lọ́fẹ̀ẹ́ fún kíláàsì rẹ̀.

Ìṣirò ìwé àti owó

Ká ní ₦4,000 ni ìwé yín. Tí atàwé àjọ̀dún bá gba ìdá 35 nínú 100, ₦1,400 ti lọ, ó ku ₦2,600. Tí títẹ̀ ẹ̀dà kan bá ná yín ní ₦1,900, ₦700 ló kù sọ́wọ́. Ogún ìwé jẹ́ ₦14,000, owó ọkọ̀ láti Ìbàdàn sí Èkó lè jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ fi iye tó tà lọ́jọ́ náà díwọ̀n ìrìn-àjò yín. Olùkọ́ kan tó bá mú ìwé yín fún kíláàsì ọlọ́gbọ̀n ọmọ lérè ju ọjọ́ mẹ́ta nídìí tábìlì lọ.

Fún ọgọ́ta ọmọ tí kò sí òbí pẹ̀lú wọn, ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ti tó. Níbi tí òbí bá pọ̀ sí, ẹ mú ju bẹ́ẹ̀ lọ dání. Tí ẹ bá kó ìwé sílẹ̀ fún atàwé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀dà méjì: iye ìwé, iye owó, ìdá tó máa gbà, ọjọ́ tó máa sanwó, ọjọ́ tí ẹ máa kó èyí tó kù, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń tà, ẹ tẹ nọ́ńbà àkáǹtì yín sórí páálí ńlá, kí ẹ sì dúró de alert kí ìwé tó kúrò lọ́wọ́. Àwòrán tí oníbàárà fi hàn yín lórí fóònù rẹ̀ kì í ṣe owó.

Ẹni tí ìwé rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣọ́ báńà tó fẹ́ gbé kọ́ síbẹ̀. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ máa ń bọ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, torí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà wọn ń lò kò ní “ọ́” tàbí “ẹ̀” nínú. Ẹ lo fọ́ǹtì tó gba Yorùbá, bíi Noto tàbí Charis SIL, ẹ fi PDF tí fọ́ǹtì ti wọnú rẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ sì yẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wò lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde kí ẹ tó sanwó.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níwájú àwọn ọmọ

Fún ọmọ ọdún 5 sí 8, ẹ pín in báyìí: ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ìkíni àti orin, mẹ́wàá fún kíkà, márùn-ún fún ìbéèrè, mẹ́wàá fún iṣẹ́ ọwọ́, méjì láti sọ ibi tí ìwé wà kí ẹ sì dágbére.

Tí èèyàn bá ń kàwé sókè, tó ń dúró kí ọmọ wo àwòrán, ọ̀rọ̀ bí ọgọ́rùn-ún ló ń kà ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ 900 ni kí ẹ mú, kí ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí ẹ máa fò: àpèjúwe gígùn, àti gbogbo “ó ní, ó dáhùn” tí ohùn yín lè fi hàn. Ẹ kà á nílé lórí ìdúró, kí ẹ sì fi fóònù ka àkókò, torí kíkà nínú ọkàn máa ń yá ju kíkà sókè lọ. Àwọn ọmọ kékeré gbọ́dọ̀ gbọ́ òpin ìtàn. Àwọn ọlọ́dún 9 sí 12 ni ẹ lè já sílẹ̀ níbi tó ti gbóná, kí wọ́n lè wá ìyókù nínú ìwé.

Ọmọ tó jókòó sẹ́yìn ìlà kẹta kò lè rí àwòrán inú ìwé. Ẹ tẹ àwòrán márùn-ún tàbí mẹ́fà sórí páálí A3, kí ẹ sì lẹ ọ̀rọ̀ tó bá a mu mọ́ ẹ̀yìn páálí, ní lẹ́tà tó tóbi. Báyìí ẹ ó máa kà á, ojú yín á sì wà lára àwọn ọmọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé projector. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán á pa á lábẹ́ kánópì, síso ó mọ́ kọ̀ǹpútà sì lè jẹ ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ọgbọ̀n. Ẹ mú àgbámú aṣọ dání nítorí afẹ́fẹ́, àti ọ̀rá ńlá tó lè bo ìwé nítorí òjò oṣù Karùn-ún.

Ẹ dé síbẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, kí ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, kí ẹ sì mú kí àwọn ọmọ kẹ̀yìn sí i. Ọgọ́ta ọmọ dára ní ìlà márùn-ún tó tẹ̀ bí àbọ̀ òṣùpá, lórí ẹní. Tí wọ́n bá jókòó sórí àga, ariwo àga nìkan á bo ohùn yín.

“Ààlọ́ o!” ṣì ni ọ̀nà tó yá jù láti kó etí ọmọ jọ. Kódà ọmọ Èkó tí kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀ á dáhùn “Ààlọ̀!” tí ẹ bá kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ wọn ní ègbè orin tó wà nínú ìtàn, ìlà kan péré, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn, ó sábà máa ń jẹ́ ní ìṣẹ́jú keje tàbí ìkẹjọ, nítorí náà ẹ fi ègbè náà síbẹ̀. Ẹ má pariwo lé wọn lórí. Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á sún mọ́ yín.

Àgbà tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ló ń da nǹkan rú ju ọmọdé lọ. Ẹ fún olùkọ́ níṣẹ́: kó bá yín di páálí àwòrán mú. Tí ilé-ìwé bá kó ọlọ́dún mẹ́rin pọ̀ mọ́ ọlọ́dún mọ́kànlá, èyí tó wọ́pọ̀, ẹ fi àwọn àgbà inú wọn ṣe agberin. Ẹ dárúkọ ayàwòrán yín, torí ọmọ á béèrè ẹni tó yà á. Ẹ má sì gbé ojú ọmọ ọlọ́mọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé òbí tàbí ilé-ìwé gbà. Ẹ ya fọ́tò láti ẹ̀yìn wọn.

Nígbà ìfọwọ́síwèé, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà kí ẹ tó kọ ọ́ sínú ìwé. Orúkọ tí ẹ bá kọ ṣì ba ìwé náà jẹ́ lójú rẹ̀. Bébà dídán máa ń mú kí yíǹkì jẹ́lì fà, nítorí náà ẹ lo bírò tàbí máákà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tètè gbẹ.

Bíbá èèyàn sọ̀rọ̀

Ẹ kí àgbà bí a ṣe ń kí àgbà, kí ẹ tó sọ tẹnu yín: “Ẹ káàsán mà, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń kọ ìtàn ní Yorùbá fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án.” Gbólóhùn yẹn ti tó. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè. Ẹ bi olùkọ́ pé oṣù wo ni ilé-ìwé rẹ̀ ń yan ìwé, ta ló sì ń fọwọ́ sí i. Ẹ bi atẹ̀wé pé ọjọ́ orí wo ló ń wá ìtàn fún, báwo ló ṣe ń gùn tó, ta ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Ẹ má ki ìwé àfọwọ́kọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀. Kò ní àyè láti kà á, ó sì lè sọ ọ́ nù kó tó dé ilé. Ẹ bi ayàwòrán pé eélòó ló ń gbà fún ìwé olójú-ìwé 32, iye tó wọ́pọ̀ fún ìwé aláwòrán, àti bóyá ẹ̀tọ́ àwòrán á jẹ́ tiyín tàbí tirẹ̀.

Gbàrà tí ẹ bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kọ ohun tí ẹ jọ sọ sẹ́yìn káàdì onítọ̀hún. Ní ọjọ́ kejì, káàdì mẹ́wàá máa ń jọra.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ká kánópì

Kí ọjọ́ méjì tó pé, ẹ ránṣẹ́ sí ẹni kọ̀ọ̀kan, ẹ sì dárúkọ ohun tó béèrè. Olùkọ́ nílò ojú-ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti inú ìwé, iye owó tí ilé-ìwé máa san tó bá ra ọgbọ̀n ẹ̀dà, àti ìbéèrè márùn-ún tó lè fi kọ́ kíláàsì rẹ̀. Atẹ̀wé nílò ohun tó ní kí ẹ fi ránṣẹ́ gan-an. Àwọn òbí tó gba ìwé pélébé máa ń kàn sí yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ẹ ní ìwé nílé àti ẹni tó máa gbé e lọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ àti atàwé fọwọ́ sí, ẹ lọ kó ìwé tó kù. Ẹ kà wọ́n lójú rẹ̀, ẹ wo igun èèpo kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti ká tàbí tó rẹ, ẹ yà á sọ́tọ̀ kó tó dapọ̀ mọ́ tuntun. Ìyẹn ni ẹ máa fún olùkọ́ tó ń bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.