Odò Tí Ẹ Lọ Wò Nígbà Ọyẹ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Àyẹ̀wò Ètò Ilẹ̀ n'Íbàdàn

Àbúrò kan gbé ìwé àyẹ̀wò wá bá mi láìpẹ́ yìí, ó ní kí n bá òun fojú kàn án. Ìwé náà wúwo bí ọmọ oṣù mẹ́ta. Ìjọba ìbílẹ̀ kan fẹ́ sọ ilẹ̀ oko di ilẹ̀ ilé gbígbé, wọ́n ní kó bá àwọn wo ohun tí yóò ṣe fún àyíká. Ó ti háyà dróònù. Ó ti bu omi odò lọ sí láàbù, wọ́n sì ti wá gbogbo irin tó wà láyé nínú rẹ̀. Ó tẹ ìwé náà ní aláwọ̀ mèremère, ẹ̀dà méjìlá. Mo bi í pé, "Bí wọ́n bá kọ́lé sí gbogbo ibí yìí tán, ibo ni àgbàrá fẹ́ gbà?" Ó ṣí ìwé títí, kò rí i. Owó sì ti lọ.

N kò bínú sí i, ara mi ni mo rí. Ṣùgbọ́n ó ti ń sú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán nínú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí ti mọ ohun tí EIA jẹ́, ìyẹn àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ kan yóò ṣe fún àyíká; n kò ní padà sí a-b-d.

Àkọ́kọ́, ẹ má lọ wo ilẹ̀ nígbà ọyẹ́ nìkan. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oṣù Kìíní ni wọ́n rán mi lọ wo odò kékeré kan. Ó ti gbẹ, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀mọ̀wé pé "kòtò kan tí kò léwu." Mo tilẹ̀ ya fọ́tò: mo dúró láàárín odò, mo fọwọ́ sí ìbàdí. Nígbà tó di oṣù Keje, wọ́n ní kí n padà lọ wò ó. Ẹsẹ̀ bàtà mi kan wà nínú odò náà títí dòní. Ọ̀gá mi lẹ fọ́tò yẹn mọ́ ògiri ọ́fíìsì, ọdún mẹ́rin ló fi wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe EIA fún iléeṣẹ́ ńlá mọ̀ pé ìgbà méjì ni wọ́n ń béèrè, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò. Tó bá wá kan ètò ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa lọ, lọ́sàn-án gangan, tí dírẹ́bà á sì máa fun fèrè pé ilẹ̀ ń ṣú.

Bẹ́ ẹ bá sì débẹ̀, ẹ bi àwọn tó ń gbébẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ létí odò mú mi lọ sẹ́yìn ilé rẹ̀. Ìṣó mẹ́ta ló kàn mọ́ ògiri, láti fi sàmì ibi tí omi ga dé. Ti ìsàlẹ̀ kò ju orúnkún mi lọ; tòkè bá mi léjìká. Ó gbọ́wọ́ lé tòkè bí ẹni ń wo bí ọmọ ṣe ga tó, ó ní, "Ti 2011 rèé." Òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ló ń sọ, èyí tó gba ẹ̀mí tó lé ní 100 n'Íbàdàn. Ìyá náà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ fi wé owó láàbù.

Ìkejì: ẹ yé ṣe àdàkọ ìwé ẹlòmíràn. Mo ti ka ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ kan ní Akínyẹlé, n'Íbàdàn níbí tí òkun jìnnà sí, tó ní ká dáàbò bo àwọn apẹja inú omi iyọ̀. Akínyẹlé o!

Ìkẹta, ẹ fìdí kalẹ̀ gbọ́ èyí, òun ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ẹ̀ ń yẹ ètò wò bí ẹni ń yẹ ilé kan wò.

Mo mọ ibi tó ti wá. Òfin EIA wa, Decree 86 ọdún 1992, jáde lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí olóró láti Ítálì tí wọ́n bá ní Koko, ní ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Delta báyìí, lọ́dún 1988. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń bi léèrè: iléeṣẹ́ yìí, títì yìí. Decree 88 ọdún kan náà, tó wà fún ètò ìlú, ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé gbígbé sórí ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà méjì lọ mú ìwé àyẹ̀wò wá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo ọgbọ́n àwọn tó ń talẹ̀. Hẹ́kítà méjì kò pé éékà márùn-ún. Wọ́n á ra éékà mẹ́rìndínlógún, wọ́n á gé e bí ẹran Iléyá, mẹ́rin-mẹ́rin: ti ọkọ, ti ìyàwó, ti àna, ti ẹni tí kò tíì dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Òfin kò kan ìkankan. Tí ìjọba ìbílẹ̀ bá wá pè yín pé kí ẹ wo gbogbo ètò náà pọ̀, ẹ̀yin náà á tún máa mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Eléyìí, "ipa rẹ̀ kò tó nǹkan." Ìyẹn, "ipa rẹ̀ kò tó nǹkan." Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́nà ogójì, ẹ kò sì rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ mú bírò. Pulọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 níbùú, 100 lóròó, fẹ̀ tó sukúéà mítà 465. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi tó ju lítà 23,000 lọ nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 bí 930. Nígbà tó wà ní oko ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ á mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní báyìí páànù ti bo ìdajì, onílé sì ti fi íńtálọ́ọ̀kì bo ìyókù kí ẹrẹ̀ má bàa wọlé. Ẹ wá fi igba pulọ́ọ̀tì sọ ọ́ di púpọ̀. Gbogbo rẹ̀ ń lọ sábẹ́ afárá kékeré kan náà, tí wọ́n ṣe nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko.

Àwọn tí odò Ògùnpa n'Íbàdàn ya bá lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980 ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀tàn ogun. Ní 2014, 200 mílíọ̀nù dọ́là ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí pé kí wọ́n yá wa nítorí omíyalé n'Íbàdàn nìkan. Náírà la fi ń ta pulọ́ọ̀tì lókè odò, dọ́là là ń yá nísàlẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé: máàpù odò ni mo kọ́kọ́ ń tẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀, torí omi kò mọ ibi tí Ẹgbẹ́dá parí sí tí Ọ̀nà-Àrà ti bẹ̀rẹ̀. Màá fi bírò pupa kun gbogbo ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, màá fi búlúù kun èyí tí wọ́n tún fẹ́ fọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà màá mú téèpù lọ wọn ihò afárá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Alága kan bi mí nígbà kan pé kí ló kan òun pẹ̀lú afárá tí kò sí ládùúgbò òun. Mo fi ogójì ìṣẹ́jú dá a lóhùn. Wọn kò pè mí mọ́.

Ìkẹrin, àbí ìkarùn-ún ni, ẹ má gba iṣẹ́ àyẹ̀wò ètò tí wọ́n ti fọwọ́ sí tán.

Ẹ má pe ìpàdé ará àdúgbò lọ́jọ́ ọjà. Àwọn lándílọ́ọ̀dù nìkan ló máa wá, ayálégbé wọn ló sì ń sùn létí odò.

Ẹ sì jẹ́ kí "ọ̀nà mìíràn" tí ẹ bá kọ jẹ́ ọ̀nà tí èèyàn lè gbà. Mo ti rí ìwé tí ọ̀nà mìíràn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ pé kẹ́nikẹ́ni má kọ́lé mọ́. Ta ló máa yan ìyẹn? Ilẹ̀ gíga tó wà lódìkejì títì ńkọ́? Ẹ fi ilẹ̀ wé ilẹ̀.

Ó wá ku "a ó gbin igi." Kò sí ìwé tí kò sí nínú rẹ̀. Ta ni yóò máa bomi rin ín? Nínú owó wo? Èmi náà ti fi odindi ojú ewé kan kọ ọ́ rí, pé kí wọ́n gbin igi sí bèbè odò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n gbìn ín lóòótọ́, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Mo padà lọ wò ó lọ́dún kejì, mẹ́ta ló kù. Ewúrẹ́ ti jẹ méjì kù ní igi lásán. Ìkẹta ti le dáadáa. Òun ni wọ́n so ewúrẹ́ náà mọ́.