Tẹ́ẹ bá ń lọ wo iṣẹ́ ìgbà àgbà Charlotte Perriand, ẹ má ṣe àwọn àṣìṣe yìí

Àga gbọọrọ onípáìpù irin ti 1928 yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá kiri tí wọ́n bá ti wọ gálárì, èyí tí Perriand, obìnrin ará Faransé tó ń ya àwòrán àga àti ilé, fúnra ẹ̀ nà gbalaja lé lórí nínú fọ́tò tó yíjú kúrò lára kámẹ́rà, tí wọn ò bá wá rí i báyìí ojú á fà ro. Kò tíì ju ọmọ ọdún 25 lọ nígbà yẹn o! 1903 ni wọ́n bí i, 1999 ló kú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 90 ọdún kó tó ṣe ilé tíì tó ṣe fún UNESCO ní Paris. Ṣé iṣẹ́ ọ̀dọ́ nìkan lẹ máa fi wọ̀n ọ́n ni?

Ẹ tún yéé pè é ní ọmọ iṣẹ́ Le Corbusier, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún 1937 ló ti kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀.

Èyí tó máa ń bí mi nínú ni àwọn tó bá rí igi àti ọparun tí wọ́n á ní ó ti padà sẹ́yìn. Padà síbo? Ìjọba Japan ló pè é ní 1940 kó wá máa gbà wọ́n nímọ̀ràn, ibẹ̀ ló ti fi ọparun tún àga gbọọrọ yẹn ṣe, ọparun tí wọ́n là wẹ́wẹ́ tó ń tẹ̀ tó ń padà, òun ló ń gba ara èèyàn dúró, páìpù ò sí níbẹ̀ rárá.

Àṣìṣe tó burú jù ni kẹ́ẹ sáré kọjá àwọn fọ́tò àti àwòrán ilé torí pé àga lẹ wá wò. Les Arcs ni iṣẹ́ tó tóbi jù nígbà àgbà ẹ̀, ìlú ìgbafẹ́ lórí òkè Savoie ní Faransé, 1967 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó sì ṣe é títí wọ inú àwọn ọdún 1980, kò sì sí gálárì tó lè gba òkè. Yìnyín kì í jẹ́ kí wọ́n lè kọ́lé níbẹ̀ ju oṣù mélòó kan lọ lọ́dún, ló bá ní kí wọ́n máa ṣe balùwẹ̀ lódindi ní ilé iṣẹ́, fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n bá gbé e dé wọ́n kàn máa sọ ọ́ kalẹ̀ síbi tó yẹ ni. Ó ṣí kíṣìnnì sí pálọ̀ kí ẹni tó ń dáná lè máa bá àlejò sọ̀rọ̀. Ilé gan-an ń sọ̀ tẹ̀lé òkè kí oòrùn lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Ẹ dúró níwájú àwòrán yẹn dáadáa jàre.

Ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú. Àwọn pẹpẹ ìwé aláwọ̀ mèremère tó ṣe fún ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mexico àti Tunisia ní Paris ní 1952, ọ̀dọ̀ Jean Prouvé, ará Faransé tó ń fi irin ṣe àga àti ilé, ni wọ́n ti rọ irin wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbé gbogbo ẹ̀ fún Prouvé. Ẹ sì wò ó bóyá ti ayé ijọ́un ni tàbí èyí tí Cassina, ilé iṣẹ́ àga kan ní Ítálì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, owó wọn ò jọra rárá.

Ẹ má kàn jókòó sórí nǹkan o, ẹ kọ́kọ́ béèrè.