Bí A Ṣe Ń Kọ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ATM Dójú Àmì: Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Láti Orí Sẹ́ẹ̀lì

ATM (Asynchronous Transfer Mode) tí à ń sọ níbí kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń pọ owó: ọ̀nà tí a ń gbà gé dátà àti ohùn sí ẹyọ kéékèèké tó dọ́gba, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, ni. Ó ti ṣọ̀wọ́n kí wọ́n fi ATM kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ìlà ADSL (íńtánẹ́ẹ̀tì orí wáyà tẹlifóònù), ó sì wà nínú àwọn òpó 3G àtijọ́. Ẹni tó bá sì mọ bó ṣe ń pààrọ̀ nọ́ńbà lójú ọ̀nà, MPLS, tí òun náà ń pààrọ̀ nọ́ńbà lójú ọ̀nà, kò ní ṣòro fún un. Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: bírò, ìwé, àti kọ̀ǹpútà tí GNS3 (ètò tó ń ṣàfarawé nẹ́tíwọ́ọ̀kì) wà lórí rẹ̀. Ẹ má fo bírò yẹn o, nítorí ìṣírò ló pọ̀ jù nínú ATM.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ya sẹ́ẹ̀lì kan

Báìtì 53 ni sẹ́ẹ̀lì, kì í lé, kì í dín: 5 fún orí, 48 fún ẹrù. Ìlàjà ló bí 48 yẹn. Yúróòpù fẹ́ 32, Amẹ́ríkà fẹ́ 64, wọ́n sì pàdé láàárín. Ohùn ló fà á tí wọn kò fi fẹ́ kí ó tóbi: ohùn 64 kbps máa ń gba bíi mílísẹ́kọ́ńdù 6 kó tó kún ẹrù sẹ́ẹ̀lì kan.

Bíìtì 40 ló wà nínú orí sẹ́ẹ̀lì tó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ oníbàárà: GFC (ìdarí ìṣàn) 4, VPI (nọ́ńbà ọ̀nà ńlá) 8, VCI (nọ́ńbà ọ̀nà kékeré inú rẹ̀) 16, PT (irú ẹrù) 3, CLP (àmì sẹ́ẹ̀lì tí a lè kọ́kọ́ jù nù) 1, HEC (àyẹ̀wò àṣìṣe orí) 8. Láàárín switch (ẹ̀rọ tó ń darí sẹ́ẹ̀lì) sí switch, GFC á kúrò, VPI á sì di bíìtì 12. VCI 0 dé 31 ní iṣẹ́ tiwọn, ẹ má fún oníbàárà ní ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ há 5 sórí fún signalling (ìpè láti dá ọ̀nà sílẹ̀), 16 fún ILMI (ọ̀rọ̀ ìṣàkóso láàárín oníbàárà àti switch), 18 fún PNNI (bí àwọn switch ṣe ń wá ọ̀nà láàárín ara wọn).

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tẹ̀ lé nọ́ńbà náà

Ẹ ya switch mẹ́ta, kí ẹ kọ tábìlì sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ojú tí sẹ́ẹ̀lì gbà wọlé pẹ̀lú VPI/VCI rẹ̀, ojú tó gbà jáde pẹ̀lú VPI/VCI tuntun. Ìlà kan ṣoṣo láàárín ẹ̀rọ méjì ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà fún. 0/50 níbí lè di 2/80 níwájú, kó tún di 1/100 lẹ́yìn ìyẹn. Bí switch bá ń wo VPI nìkan, VCI kò ní yí padà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka sẹ́ẹ̀lì

AAL (ìpele tó wà láàárín dátà àti sẹ́ẹ̀lì) ló ń gé ẹrù sí wẹ́wẹ́. AAL1 wà fún ohun tó ń ṣàn láìdáwọ́ dúró, irú bí E1 (ìlà tẹlifóònù oní-díjítà). AAL2 ni 3G lò fún ohùn. AAL5 ni ti dátà, òun ni kí ẹ gbájú mọ́. Ó máa ń so ìrù báìtì 8 mọ́ packet (ìdì dátà), á sì fi òfìfo dí àárín wọn títí gbogbo rẹ̀ á fi ṣeé pín sí 48 láìṣẹ́kù.

Ẹ mú packet báìtì 1500. LLC/SNAP (àkọlé tó ń sọ irú dátà tó wà nínú packet) jẹ́ 8, ìrù jẹ́ 8, àpapọ̀ 1516. Ìyẹn gba sẹ́ẹ̀lì 32, pẹ̀lú òfìfo báìtì 20. Sẹ́ẹ̀lì 32 lọ́nà 53 jẹ́ báìtì 1696 lórí wáyà.

Ẹ wá mú ACK ti TCP (èsì pé dátà ti dé), báìtì 40. Pẹ̀lú LLC/SNAP àti ìrù, ó di 56, sẹ́ẹ̀lì 2 nìyẹn. Bí ẹ bá lo VC-mux, tí kò ní LLC/SNAP, ó di 48 géérégé, sẹ́ẹ̀lì 1. Báìtì 8 péré ló sọ ìnáwó yẹn di ìlọ́po méjì.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ lóye àdéhùn

Àdéhùn ló ń sọ bí oníbàárà ṣe lè fi sẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ tó. PCR ni eré tó ga jù. SCR ni eré tí a lè máa bá lọ. MBS ni iye sẹ́ẹ̀lì tó lè tẹ̀ léra lórí eré PCR. Switch máa ń wọn ìwọ̀nyí bí garawa tó ń jò: sẹ́ẹ̀lì tó bá kún bo garawa, switch á sọ CLP rẹ̀ di 1, tàbí kó jù ú nù.

Ibí ni ọ̀pọ̀ amojútó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń kọsẹ̀. Bí ẹ bá kọ PCR 1000 kbps, sẹ́ẹ̀lì ló ń kà, kì í ṣe IP. Bíìtì 424 ni sẹ́ẹ̀lì kan, nítorí náà ó jẹ́ nǹkan bíi sẹ́ẹ̀lì 2358 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pẹ̀lú packet 1500, nǹkan bíi 884 kbps ló máa kan oníbàárà. Bí ẹ bá ṣèlérí 1000 fún un, ẹjọ́ á dé.

Sẹ́ẹ̀lì kan tó bá sọnù ti ba gbogbo packet AAL5 jẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì 1 nínú 100 bá ń sọnù káàkiri, bíi 27 nínú packet 100 tó gbé sẹ́ẹ̀lì 32 ló máa bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tan EPD lórí UBR (iṣẹ́ tí kò ní ìlérí eré): bí ibi ìpamọ́ bá fẹ́ kún, switch á ju odidi packet nù láti ìbẹ̀rẹ̀, dípò kó máa gbé àjákù kiri.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ́ ọ, kí ẹ sì bà á jẹ́

Nínú GNS3, ẹ so router Cisco 7200 méjì tó ní PA-A1 (káàdì ATM) mọ́ ATM switch. Ẹ jẹ́ kí switch pààrọ̀ 1/100 sí 2/200. Lórí router kìíní:

interface ATM1/0.100 point-to-point
 ip address 10.1.1.1 255.255.255.252
 pvc 1/100
  encapsulation aal5snap

Ẹ ṣe bákan náà ní ìkejì pẹ̀lú 10.1.1.2 àti pvc 2/200. Bí ping bá ti ń lọ, ẹ yí ìpẹ̀kun kan sí aal5mux ip (VC-mux nìyẹn; aal5snap ni LLC/SNAP). Ping á kú. Ẹ wá tẹ ping atm interface atm 1/0 1 100 end-loopback: ìyẹn á dáhùn, nítorí sẹ́ẹ̀lì OAM (sẹ́ẹ̀lì àyẹ̀wò ìlà) tó ń lò kì í gba inú AAL5 kọjá. Ẹ má ṣe dán PCR wò níbẹ̀ o, ẹ̀rọ gidi nìkan ló lè fi ìyẹn hàn yín dáadáa.

Lẹ́nu iṣẹ́, ẹ máa lo ìmọ̀ kan náà. Bí loopback (àyẹ̀wò OAM yẹn) bá dáhùn tí IP kò dáhùn, encapsulation (bí wọ́n ṣe di packet) ìpẹ̀kun méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wéra. Bí ping kékeré bá ń kọjá tí ńlá ń já, ẹ wo àdéhùn: sẹ́ẹ̀lì 2 lè yọ́ kọjá níbi tí sẹ́ẹ̀lì 32 tó tẹ̀ léra ti ń kún garawa. Bí àṣìṣe HEC bá ń pọ̀ sí i, ẹ fi ètò sílẹ̀ ná, kí ẹ nu ẹnu fáíbà, kí ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ìpẹ̀kun méjèèjì fara mọ́ scrambling (ọ̀nà dída bíìtì pọ̀) kan náà.