Bí A Ṣe Ń Tukọ̀ Dé Erékùṣù Kékeré Lórí Adágún Kainji

Ẹ̀yin ará wa ní Abuja àti New Bussa tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ìgbòkun dé erékùṣù kékeré kan lórí adágún Kainji, ẹ gbéra ní kété tí ilẹ̀ bá mọ́, kí olúkúlùkù sì ti wọ ẹ̀wù ìléfòó kí ẹ tó tú okùn.

Kùkùté igi ni mo kà sí ewu tó ga jù. Nígbà tí wọ́n dí Odò Ọya níbẹ̀ ní ọdún 1968, omi bo igbó mọ́lẹ̀. Bí omi bá sì ti fà, àwọn igi náà á lúgọ sábẹ́ omi, níbi tí ojú kò ti tètè rí wọn. Ẹ mú apẹja tó mọ ọ̀nà dání, kí ẹnì kan sì dúró níwájú ọkọ̀ láti máa ṣọ́nà.

Lásìkò ọ̀yẹ́, àríwá ìlà-oòrùn ni ẹ̀fúùfù ti sábà máa ń fẹ́ wá, nítorí náà ẹ dákọ̀ ró sí ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn erékùṣù. Ẹ fi ọ̀pá wọn omi. Bó bá jin tó mítà 3, ẹ tú okùn ìdákọ̀ró tó mítà 15 ó kéré tán, nítorí okùn kúkúrú a máa fa ìdákọ̀ró tu. Ẹ padà kí oòrùn tó wọ̀.